Alága Tèmi-ni àti Gọ́tà Ìjọba Mẹ́ta

Bí èèyàn bá fẹ́ mọ bí ìjọba ṣe ń ṣiṣẹ́, kó má wulẹ̀ ra ìwé. Kó lọ dúró létí gọ́tà tó kọjá níwájú ilé ìyá Akọ̀wé lásìkò òjò, kó ká ṣòkòtò rẹ̀ dé orúnkún, kó wá béèrè pé ta ló ni gọ́tà náà. Kí wọ́n tó dá a lóhùn tán, yóò ti di ọ̀mọ̀wé.

Gọ́tà ọ̀hún bẹ̀rẹ̀ láti àdúgbò, lẹ́yìn ọjà. Ibẹ̀ jẹ́ ti ìjọba ìbílẹ̀. Ó gba ẹ̀gbẹ́ títì ilé-ìwé gíráámà lọ. Ti ìjọba ìpínlẹ̀ nìyẹn. Lẹ́yìn náà ló tẹrí ba, ó wọ inú ihò kọnkéré kan lábẹ́ títì márosẹ̀, ó sì di ti ìjọba àpapọ̀. Omi kan náà ni o! Omi ò mọ ìbílẹ̀ yàtọ̀ sí àpapọ̀, ìsàlẹ̀ nìkan ló mọ̀. Ṣùgbọ́n ó ti di ọdún mẹ́ta tí ihò abẹ́ títì yẹn ti dí, tí ẹnikẹ́ni ò mọ ohun tó dí i. Omi tí ò rọ́nà lọ wá ń yà sí yàrá ìyá Akọ̀wé bí àlejò tó mọ ilé dáadáa.

Lọ́dún àkọ́kọ́, wọ́n fi bíríkì kan gbé bẹ́ẹ̀dì ìyá sókè. Lọ́dún kejì, ó di méjì. Lọ́dún kẹta tó di mẹ́ta, ìyá, tó ti pé ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin, ní láti gun àpótí kó tó lè gun bẹ́ẹ̀dì. Ó ní, “Ọmọ mi, bẹ́ ẹ bá tún fi ọ̀kan sí i, orí mi á kan páànù. Tí mo bá máa lọ sókè, kì í ṣe báyìí ni mo fẹ́ lọ.”

Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ikọ́ gé ẹ̀rín ìyá láàárín, ẹ̀rù sì ba Akọ̀wé. Dókítà ti sọ ọ́ fún un pé bí omi bá tún wọ yàrá yẹn lọ́dún yìí, àyà ìyá ò ní gbà á. Ìyá náà sì ti búra pé òun ò ní kúrò nínú ilé tí ọkọ òun fi ọwọ́ ara rẹ̀ mọ.

Akọ̀wé tí mo ń wí yìí ni akọ̀wé ìgbìmọ̀ ìjọba ìbílẹ̀. Ó ti lo ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n nídìí iṣẹ́ náà. Ohun tí ẹnu bá sọ nípàdé ni bírò rẹ̀ ń kọ. Kì í fi iyọ̀ sí i, kì í yọ ata kúrò. Òun ló kọ lẹ́tà nípa gọ́tà náà sí ọ́fíìsì Alága. Wọ́n dá a lóhùn pé, “Ẹ̀gbẹ́ títì ìpínlẹ̀ ni omi ti ń dúró. Ẹ lọ bá ìpínlẹ̀.” Ó lọ bá ìpínlẹ̀. Ìpínlẹ̀ ní, “Abẹ́ títì márosẹ̀ ló ti dí. Ẹ lọ bá àpapọ̀.” Ó wọ ọkọ̀ wákàtí mẹ́rin dé ọ́fíìsì àpapọ̀. Àpapọ̀ ní, “Títì la ní o, mà. Ìdọ̀tí tó dí ihò, àdúgbò yín ló ti wá. Ẹ lọ bá ìbílẹ̀.” Àìrìn pọ̀ ejò ló ń jẹ ọmọ ejò níyà, ṣùgbọ́n tí ìjọba ò bá rìn pọ̀, ìyá arúgbó ló ń jẹ níyà. Akọ̀wé padà sílé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ lẹ́tà kan sí àpapọ̀ lóṣooṣù, láì sinmi.

Ẹ jẹ́ ká fi gọ́tà sílẹ̀ díẹ̀, ká lọ kí Alága. Bí a ò bá tètè kí i, yóò bínú.

Lójú, orúkọ rẹ̀ ni Alága Ọlọ́lá Jùlọ, Ìmọ́lẹ̀ Àdúgbò, Baba Àwọn Títì. Lẹ́yìn, Tèmi-ni ni wọ́n ń pè é, torí kò sóhun tó rí tí kì í pè ní tirẹ̀: ọjà mi, káńsílọ̀ mi, òpó iná mi. Lọ́jọ́ kan tí oòrùn mú, ó ní oòrùn òun ti ń mú jù. Nígbà tí wọ́n búra fún un lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, igba bánà onírọ́bà ni wọ́n ya ojú rẹ̀ sí, wọ́n so wọ́n mọ́ gbogbo òpó. Ojú ńlá náà ń rẹ́rìn-ín lókè ọjà, ó ń rẹ́rìn-ín lẹ́nu ọ̀nà ilé ìgbọ̀nsẹ̀ gbogbogbò. Lọ́jọ́ kẹta, ìjì jà, ó kó gbogbo ẹ̀rín náà lọ, kò sì sẹ́ni tó wá wọn.

Ó yan ọkùnrin kan ní Olùdámọ̀ràn Pàtàkì lórí Ìyìn. Bí Alága bá sín, Olùdámọ̀ràn á ní, “Ẹ gbọ́ bí ọlọ́lá ṣe ń sín! Àwọn kan ń sín bí ewúrẹ́!” Bí Alága bá ṣi ọ̀rọ̀ kan sọ, á ní ọ̀rọ̀ náà ló ti ń ṣi ara rẹ̀ sọ látijọ́ tí Alága ò tíì tún un ṣe. Ẹni a ní kó fẹ́ni lójú tó fi ata sẹ́nu ni, ṣùgbọ́n ata yẹn ń dùn mọ́ Alága.

Òfin àkọ́kọ́ tí Alága ṣe ni Òfin Àtẹ́wọ́. Ó là á kalẹ̀ pé nígbàkigbà tí Alága bá dìde dúró, kí gbogbo ilé pàtẹ́wọ́ títí yóò fi gbọ́wọ́ sókè. Àti pé àbá tó bá wà lórí tábìlì nígbà tí ilé bá pàtẹ́wọ́, ó ti wọlé nìyẹn, kò sí pé à ń ka ìwé, kò sí pé à ń ka ọwọ́. Ó ní òun ṣe é kí àkókò àwọn aṣòfin má bàa ṣòfò. Káńsílọ̀ méje ló wà nínú ilé náà. Wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe débi pé ọ̀kan nínú wọn, tí wọ́n ń pè ní Olóorun, lè pàtẹ́wọ́ láìjí.

Ohun tó dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ ni pé wọ́n lọ ṣí ilé ìkàwé kan. Olóòtú ètò pe aṣojú ìjọba àpapọ̀ síwájú, ó pe ti ìpínlẹ̀ tẹ̀ lé e, ẹ̀ẹ̀kẹta ló wá kan Alága. Ẹ̀ẹ̀kẹta! Kò fọwọ́ kan oúnjẹ wọn, kò mu omi wọn. Àárọ̀ ọjọ́ kejì ló pe ìpàdé.

“Ẹ̀yin ọmọ mi nínú òfin!” Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, ó fi ọwọ́ méjèèjì di tábìlì mú. “Wọ́n ní ìjọba mẹ́ta ló wà: àpapọ̀, ìpínlẹ̀, ìbílẹ̀. Wọ́n tún ní ẹ̀ka mẹ́ta ló wà: aṣòfin, aláṣẹ, adájọ́. Mẹ́ta lọ́nà mẹ́ta, mẹ́sàn-án! Ta ló lè máa ka ìjọba dé mẹ́sàn-án kó tó mọ ẹni tó máa kí? Láti òní lọ, ọ̀kan ni. Títì kékeré, títì ńlá, títì márosẹ̀, afárá, odò, gọ́tà, àti atẹ́gùn tó ń fẹ́ lórí wọn, tèmi ni!”

“Mẹ́sàn-án yẹn pàápàá, tiyín ni, sà!” Olùdámọ̀ràn ló ké bẹ́ẹ̀.

Káńsílọ̀ kan, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì tí gbogbo èèyàn ń pè ní Tíṣà, wúkọ́. “Alága, ẹ forí jì mí. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní nǹkan yìí. Ìwé òfin orílẹ̀-èdè ló pín iṣẹ́ náà. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Ohun tó jẹ́ ti àpapọ̀, àwa ò lè kàn…”

“Tíṣà, ẹ jókòó. Bẹ́ ẹ ti fẹ̀yìn tì, ẹ fẹ̀yìn tì í dáadáa.”

Tíṣà jókòó. Ó ní ilé tó ń kọ́ lọ́wọ́, Alága ló sì ń buwọ́ lu ìwé ilé. Ẹ má bú u, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kàwé yìí. Èwo nínú wa ni kò tíì jókòó rí?

Akọ̀wé gbé bírò sókè. “Alága, kí n lè kọ ọ́ bẹ́ ẹ ṣe sọ ọ́: ‘ìgbìmọ̀ ló ni ín’ ni kí n kọ, àbí ‘ọ́fíìsì Alága’?”

“Ìgbìmọ̀ kẹ̀? Ọ́fíìsì kẹ̀? Ṣé ọ́fíìsì ló dìbò yan ara ẹ̀ ni? Kọ ọ́ pé: ‘Èmi fúnra mi, kì í ṣe ìgbìmọ̀, kì í ṣe ipò.’”

“Gọ́tà ńkọ́, sà? Gọ́tà iwájú ilé ìyá mi, èyí tó dí.”

“Gọ́tà náà, àti omi tó wà nínú ẹ̀!”

“Ta ni yóò wá kó o, sà?”

“Akọ̀wé, ọ̀rọ̀ ńlá là ń sọ níbí.” Alága dìde. Ilé pàtẹ́wọ́, Olóorun pẹ̀lú wọn. Òfin wọlé. Akọ̀wé kọ ọ́ sójú ewé kọkànlélógójì gẹ́lẹ́ bí ẹnu ṣe sọ ọ́.

Ẹ ò ní gbà mí gbọ́, ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ kejì lẹ́yìn èyí ni lẹ́tà Akọ̀wé jẹ́. Lẹ́tà kọkàndínlọ́gbọ̀n! Ọkọ̀ òṣìṣẹ́ títì ìjọba àpapọ̀ dé síwájú ilé ìyá, ọkùnrin mẹ́fà sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ṣọ́bìrì àti bàtà rọ́bà. Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré kí òjò bẹ̀rẹ̀. Ìyá gbé bẹ́ǹṣì síta fún wọn, ó ń súre. Akọ̀wé sáré láti ọ́fíìsì wá wò ó, kò mọ̀gbà tí omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó dùn mọ́ ọn ju kí wọ́n fi í joyè lọ.

Wọn ò tíì gbẹ́ ju ṣọ́bìrì mẹ́rin lọ tí ọkọ̀ Alága fi dé, fèrè ọkọ̀ ń ké fíì-fíì. Olùdámọ̀ràn ló kọ́kọ́ bọ́ sílẹ̀, ó ṣílẹ̀kùn.

“Ta ló rán yín sórí títì mi?” Alága béèrè.

“Ìjọba àpapọ̀, sà,” ni fọ́máànù wọn dáhùn. Ó yọ ìwé.

“Èwo nìyẹn?”

Fọ́máànù wo àwọn èèyàn rẹ̀. Kò sẹ́ni tó bi í bẹ́ẹ̀ rí. “Ìjọba… gbogbo wa, sà.”

“Gbogbo yín wá ṣiṣẹ́ lórí títì èmi nìkan, láìgba àṣẹ! Bí mo bá gbà á fún yín lónìí, lọ́la ẹ ó wá tún ilé mi ṣe!”

“Alága, ẹ jọ̀ọ́,” ni Akọ̀wé wí. “Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe é. Ọ̀rọ̀ ìyá mi ni. Lẹ́yìn náà, ẹ ya bánà pé ẹ̀yin lẹ ṣe é, mo bẹ̀ yín.”

Ìmọ̀ràn tó dáa jù tí Alága gbà látọdún mẹ́ta nìyẹn, ó sì kọ̀ ọ́. Ó ní kí wọ́n kó ṣọ́bìrì wọn. Fọ́máànù, tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ ìjọba, kò jà. Ó kàn na ìwé sí i pé, “Sà, ẹ bá wa buwọ́ lù ú pé ẹ̀yin lẹ ní ká má ṣe é.” Alága fẹ́ràn ìbuwọ́lùwé bí ọmọdé ṣe fẹ́ràn súìtì. Ìbuwọ́lù rẹ̀ gba ìdajì ìwé, ó sì fa ìlà mẹ́ta sábẹ́ rẹ̀.

Ọkọ̀ òṣìṣẹ́ lọ. Akọ̀wé jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó sunkún bí ọmọdé.

“Gbẹ́nu ẹ dákẹ́,” ni ìyá wí. “Ọdún mẹ́ta la fi ń wá ẹni tó ni gọ́tà. Ẹni kan ti wá jẹ́wọ́ báyìí, ìwọ ń sunkún. Kóòtù wo ló sún mọ́ wa jù?”

Ní kóòtù tí ìyá pè é lẹ́jọ́ sí, Alága gbé àga tirẹ̀ wá. Ọkùnrin mẹ́rin ló gbé e; ó fi ìka mẹ́rin ga ju ti adájọ́ lọ. Adájọ́ náà, obìnrin kúkúrú kan tó wọ gíláàsì ojú, wò ó láti òkè dé ilẹ̀.

“A ò fìwé pe àga yẹn.”

“Ilé kóòtù yìí wà ládùúgbò mi,” ni Alága wí. “Adájọ́ mi ni yín.” Ó dìde láti sọ ọ́, àwọn káńsílọ̀ méje tó tẹ̀ lé e wá sì pàtẹ́wọ́. Adájọ́ fi òòlù lu tábìlì títí wọ́n fi rántí ibi tí wọ́n wà.

“Alága, ẹ̀yin kọ́ lẹ fi mí síbí, ẹ ò sì lè yọ mí níbí. Èmi náà ò lè lọ bá àwọn káńsílọ̀ yín ṣòfin. Kálukú pẹ̀lú àga tirẹ̀. Ẹ gbé tiyín síta.”

Wọ́n gbé e síta. Alága dúró lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀, ó ti pẹ́ tó ti ṣe bẹ́ẹ̀ gbẹ̀yìn.

Lọ́yà ìjọba ìpínlẹ̀ àti ti àpapọ̀ wà níbẹ̀. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún mẹ́ta, ẹnu wọn kò. Lọ́yà ìpínlẹ̀ ní, “Ó ní tòun ni, Olúwa mi.” Lọ́yà àpapọ̀ ní, “A rán èèyàn, ó lé wọn, Olúwa mi. Ìbuwọ́lù rẹ̀ nìyí. Ẹ fojú yín rí i bó ṣe tóbi tó.”

Adájọ́ bọ́ gíláàsì rẹ̀. “Òfin tí ìjọba ìbílẹ̀ bá ṣe tó ta ko ìwé òfin orílẹ̀-èdè, kò ju ìwé tí wọ́n fi ń di ẹ̀pà lọ. Títì márosẹ̀ jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀ lánàá, tiwọn náà ni lónìí. Ẹ̀yin lọ́yà méjèèjì, ẹ má rẹ́rìn-ín. Mo ti ka lẹ́tà tí ẹ ò dáhùn. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n wá fẹ́ ṣiṣẹ́, ẹnì kan dá wọn dúró. Ìgbìmọ̀ ló dá wọn dúró ni, àbí èèyàn?”

Wọ́n pe Akọ̀wé. Ó ṣí ìwé àkọsílẹ̀ sójú ewé kọkànlélógójì. Ẹ̀rù ń bà á, torí Alága ń wò ó bí ẹni pé òun náà wà lára ohun ìní. Ó kà á sókè: “‘Èmi fúnra mi, kì í ṣe ìgbìmọ̀, kì í ṣe ipò.’”

“Ó tó,” ni adájọ́ wí. “Kí ìjọba àpapọ̀ dá òṣìṣẹ́ wọn padà láàárín ọjọ́ mẹ́wàá. Kí ọkùnrin yìí fúnra rẹ̀, kì í ṣe ìgbìmọ̀, kì í ṣe ipò, wà lábẹ́ fọ́máànù pẹ̀lú ṣọ́bìrì títí ihò yẹn yóò fi ṣí. Ẹnikẹ́ni tó bá ràn án lọ́wọ́ láti sá fún un, inú ẹ̀wọ̀n ni wọn ó ti jọ máa sọ̀rọ̀ náà.”

Gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn wọ etí àwọn káńsílọ̀ méje ṣinṣin. Olóorun pàápàá lajú.

Ọjọ́ kejì, Alága pe ìpàdé pé kí wọ́n ṣòfin tí yóò fagi lé kóòtù. Ó jókòó, ó ń dúró de àbá. Tíṣà ló dìde. Ó tẹ́ ìwé kan sórí tábìlì, ó sì kà á: “Àbá pé kí Alága kúrò nípò lónìí, kó lè ráyè fún iṣẹ́ tí kóòtù gbé fún un.”

Kò sẹ́ni tó lè gbọ́wọ́ sókè. Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Ká ní Alága jókòó jẹ́jẹ́ ni, kó rẹ́rìn-ín, kó ní kí wọ́n ka ọwọ́, àbá náà ì bá ti kú síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló lè sọ fún Tèmi-ni pé kó jókòó?

Ó fò dìde.

Ilé pàtẹ́wọ́.

Wọn ò rò ó, kẹ́ ẹ má parọ́ mọ́ wọn. Ọwọ́ wọn ló mọ̀ ọ́n ṣe. Olùdámọ̀ràn pẹ̀lú wọn, òun ló pa á kíkan jù.

“Mo ta kò ó!” Alága pariwo. “Mi ò tíì sọ̀rọ̀!”

Wọ́n tún pa á.

“Akọ̀wé, má kọ ọ́!”

“Ṣé àbá náà wà lórí tábìlì?” Akọ̀wé béèrè jẹ́jẹ́. “Ó wà níbẹ̀,” ni Tíṣà dáhùn. Akọ̀wé bá kọ ọ́: Alága dìde. Ilé pàtẹ́wọ́. Àbá wọlé. Òfin Àtẹ́wọ́ ni, ẹni tó ṣe é ló sì fẹsẹ̀ ara rẹ̀ mú un ṣẹ. Nígbà tí ọkùnrin náà jáde, Olùdámọ̀ràn ti ń bi Tíṣà bóyá ó máa ń sín.

Ọjọ́ kẹsàn-án, ọkọ̀ òṣìṣẹ́ padà dé. Òjò ti ń ṣú. Fọ́máànù yọ bàtà rọ́bà kan, ó tóbi ju ẹsẹ̀ Alága àná lọ. Kò bínú sí i, ó kàn fi bí wọ́n ṣe ń di ṣọ́bìrì mú hàn án. Láti àárọ̀ dé ọ̀sán ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ. Kò sẹ́ni tó yìn ín. Ìyá jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ń wúkọ́, ó ń wo ojú ọ̀run. Akọ̀wé dúró tì í pẹ̀lú ìwé àti bírò, torí kóòtù ní kí wọ́n kọ ohun tó dí ihò náà sílẹ̀.

Bó ṣe kù díẹ̀ kí òjò bẹ̀rẹ̀, ṣọ́bìrì Alága àná kọ́ nǹkan kan. Ó fà á, kò wá. Fọ́máànù bá a fà á. Rọ́bà gígùn kan fà jáde, òmíràn so mọ́ ọn, òmíràn so mọ́ ìyẹn, gbogbo rẹ̀ ká jọ pẹ̀lú ẹrẹ̀. Omi ọdún mẹ́ta hó, ó wọ abẹ́ títì lọ. Fọ́máànù fi ẹsẹ̀ tẹ́ rọ́bà náà sílẹ̀, ó fi omi ṣan ẹrẹ̀ orí rọ́bà náà kúrò. Ojú ńlá kan ń rẹ́rìn-ín níbẹ̀.

Gbogbo wọn wo bánà náà. Wọ́n wo ọkùnrin tó mú ṣọ́bìrì dání.

“Mo ní láti kọ ọ́ sílẹ̀,” ni Akọ̀wé wí. Ó ti fẹ́ bú u fún ọdún mẹ́ta, ṣùgbọ́n èébú náà ò wá mọ́. “Ta ló ni nǹkan tó dí ihò?”

Ọkùnrin náà tẹjú mọ́lẹ̀. Ó sọ nǹkan kan.

“Etí mi wúwo,” ni ìyá wí látorí bẹ́ǹṣì. “Sọ ọ́ sókè, ọmọ mi.”

“Tèmi ni, mà.”

Akọ̀wé kọ ọ́ gẹ́lẹ́ bó ṣe sọ ọ́.

Òjò dé. Gbogbo wọn sá wọ yàrá ìyá, wọ́n dúró, wọ́n ń wo ẹnu ọ̀nà, Alága àná pẹ̀lú bàtà rọ́bà ńlá rẹ̀. Òjò náà rọ̀ fún wákàtí kan gbáko. Omi ń sáré níta, ó ń lọ sí ìsàlẹ̀, ẹyọ kan ò yà wọlé.

“Ó dáa,” ni ìyá wí. Ó nawọ́ sí Alága àná. “Ìwọ tí apá ẹ ti gbóná, wá bá mi gbé bẹ́ẹ̀dì yìí. Akọ̀wé, yọ bíríkì.”

Ó gbé e, ó sì dì í mú títí Akọ̀wé fi yọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìyá ò gun àpótí. Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ jẹ́jẹ́, ó bọ́ bàtà, ó sì fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ ilẹ̀ gbígbẹ.